Ẹ kọ lẹ́tà kí ìjọba tó fọwọ́ sí i

Ẹ kú àníyàn o. Ẹ ní wọ́n fẹ́ kọ́ ilé-iṣẹ́ tí yóò máa yọ́ òjé inú bátìrì àlòkù sí ẹ̀yìn àdúgbò yín, ẹ sì ń béèrè bóyá lọ́yà lẹ máa kọ́kọ́ wá. Ẹ kọ lẹ́tà sí ìjọba ná. Òfin EIA ti ọdún 1992, ìyẹn òfin tó ní kí wọ́n ṣàyẹ̀wò ohun tí iṣẹ́ kan máa ṣe sí àyíká kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, sọ pé kí ìjọba tó pinnu, ó gbọ́dọ̀ fún aráàlú láyè láti sọ tẹnu wọn. Ọjọ́ iṣẹ́ 21 péré ni ìwé àbọ̀ àyẹ̀wò náà máa ń wà níta fún kíkà. Bí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bá ní àwọn kò rí i, ẹ fi òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011 béèrè rẹ̀. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti dáhùn.

Ìwé tí wọ́n máa gbé kiri nípàdé tí wọ́n bá pe aráàdúgbò sí lórí àyẹ̀wò náà ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Nígbà tiwa, àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò fún ilé-iṣẹ́ náà ní kí oníkálukú kọ orúkọ kó sì fọwọ́ sí i, káwọn lè mọ iye ẹni tó wá. Ìyá àgbà kan tó dìde tó fapá jánú nítorí èéfín náà fọwọ́ sí i. Nígbà tí àbọ̀ jáde, orúkọ gbogbo wa wà lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹ̀rí pé a ti gbà. Ọ̀rọ̀ ìyá yẹn kò sí níbì kankan, bẹ́ẹ̀ odò tí kò sí ládùúgbò wa rárá wà nínú rẹ̀! Ọ̀mọ̀wé ló kọ ọ́ o. Mo gbé e tọ òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà nídìí ẹ̀ lọ, ó ní, "Ṣé kì í ṣe ìwọ lo fọwọ́ sí i ni?" Inú ṣì ń bí mi. Ẹ kọ "mo wá, n kò gbà" sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ yín, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ kó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Ẹ tún gbé omi kànga yín lọ yẹ̀ wò kí wọ́n tó dáná ilé-iṣẹ́ náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á ní òjé ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òjé inú omi kì í rùn, ọpọlọ ọmọdé ló sì máa ń bà jẹ́.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìjìyà ẹ̀yìn ọ̀la. Owó ìtanràn tó pọ̀ jù tí òfin EIA yẹn kà fún ilé-iṣẹ́ tó bá rú u ò ju ₦1,000,000 lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá wá di ti kóòtù, ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ lọ́dún 2018 ti gba ẹgbẹ́ ajàfáyìíká láyè láti pẹjọ́ nítorí aráàlú.

Lẹ́tà yẹn, ẹ̀dà méjì ni kí ẹ mú lọ, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì sórí tiyín.