Fáìlì Mẹ́rin, Ilé Kan: Àǹtí Dáhùn Ìbéèrè Yín

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mo wà, ọdún kejì mi rèé nídìí iṣẹ́ kí n máa kó módẹ́ẹ̀lì (àwòrán ilé inú kọ̀ǹpútà) àwọn ayàwòrán jọ sínú Navisworks, ètò kọ̀ǹpútà tó ń to àwòrán oríṣiríṣi pọ̀ sójú kan. Ilé ìwòsàn alájà mẹ́ta la ń ṣe lọ́wọ́. Akítẹ́ẹ̀tì fi tirẹ̀ ránṣẹ́ láti inú Revit, ẹnjiníà tó ń ṣírò òpó àti bíìmù lo Tekla (ètò ìyàwòrán ni méjèèjì), ẹni tó ń ṣe omi àti iná lo Revit, àwọn awọnlẹ̀ sì fi DWG (fáìlì àwòrán AutoCAD) ilẹ̀ ránṣẹ́. Ìgbà tí mo kó gbogbo rẹ̀ jọ, ilẹ̀ wà níbì kan, ilé wà níbòmíràn, páìpù dábùú ilé, òpó yẹ̀ díẹ̀ kúrò nínú ògiri. Mo fọwọ́ fà wọ́n títí wọ́n fi bára mu. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹni páìpù fi tuntun ránṣẹ́, ó tún dàrú. Ọ̀gá mi ti ń wò mí bí ẹni tí kò mọṣẹ́. Kí ni kí n ṣe?

Àbúrò mi, má sunkún. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìjókòó pọ̀, ìwọ ni wọ́n wá gbé ẹrù náà kà lórí.

Nígbà tí mo wọṣẹ́ yìí ní 1993, orí tábìlì la ti ń yàwòrán, lórí bébà tracing. Ọ̀gá tó kọ́ mi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa ìlà kan ṣoṣo àfi tó bá kọ́kọ́ fi pẹ́ẹ̀nì 0.2 sàmì àgbélébùú kékeré sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bébà náà. Bí bébà òpó bá dé, tí ti páìpù náà dé, a ó gbé wọn léra, a ó to àmì lé àmì, a ó wá gbé e sójú fèrèsé kí oòrùn là á já. Bí àmì kan bá yẹ̀, bàbá yẹn ò ní wo ìyókù. Ńṣe ni yóò ká bébà náà, tí yóò ní ká dá a padà fún ẹni tó ni ín. Èmi ni wọ́n sì máa ń rán, nínú oòrùn, láti Bódìjà dé Dùgbẹ̀.

Àmì àgbélébùú yẹn ni kò sí nínú iṣẹ́ yín.

Jẹ́ ká mú ilẹ̀ kọ́kọ́. Ṣí fáìlì awọnlẹ̀, tẹ orí pílà kan (òpó kékeré tí awọnlẹ̀ fi sàmì ààlà ilẹ̀), kí o wo nọ́ńbà rẹ̀. Ní Ìbàdàn, wàá rí ohun tó sún mọ́ 600,000 fún ìlà oòrùn, àti nǹkan bí 816,000 fún àríwá. Mítà ni. UTM Zone 31, ìlànà tí wọ́n fi ń fi mítà sọ ibi tí nǹkan wà láyé, ni àwọn awọnlẹ̀ ń lò fún ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà, orí Minna, ìpìlẹ̀ ìwọ̀n ilẹ̀ Nàìjíríà, ni wọ́n gbé e kà, láti agbedeméjì ayé ni wọ́n sì ti ń ka àríwá bọ̀. Ìyẹn ni pé pílà rẹ jìnnà sí ojú òdo, ibi tí ìkà ti bẹ̀rẹ̀, ju ìrìn ọjọ́ kan lọ! Awọnlẹ̀ ò ṣìṣe.

Akítẹ́ẹ̀tì náà ò ṣìṣe. Revit kì í gba kí ohun tí a yà jìnnà sí ojú òdo inú rẹ̀ ju nǹkan bíi kìlómítà 16 lọ. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ìlà á máa gbọ̀n, igun ò ní fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn mọ́. Nítorí náà ó yà á sítòsí òdo, ó sì yí bébà rẹ̀ kí iwájú ilé lè kọjú sí ìsàlẹ̀, kó rọrùn láti yà. Ibẹ̀ ni páìpù ti dábùú: ẹnì kan ń lo àríwá bébà, ẹnì kejì ń lo àríwá ayé.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni òpó tó “yẹ̀ díẹ̀.” Ẹni tí ilé rẹ̀ bọ́ sínú òkun á rí i. Ẹni tí ilé rẹ̀ yẹ̀ ní ìka mẹ́ta á kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n torí ó ti ṣẹ̀ sí mi rí, ọwọ́ mi ni mo sì fi fà á. Ojú ògiri ni mo fi to módẹ́ẹ̀lì páìpù mọ́ ti akítẹ́ẹ̀tì. N ò mọ̀ pé ọ̀kan ti ya ògiri pẹ̀lú ìrẹ́lẹ́ àti táìsì, èkejì ya búlọ́ọ̀kì lásán, n ò sì mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ òdì ògiri ni mo mú. 120 mìlímítà ni gbogbo rẹ̀ yẹ̀. Lójú kọ̀ǹpútà, ó dùn ún wò. A da dẹ́kìn (kọnkéré àjà), a já páńkò, ihò mẹ́rìndínlógún tó yẹ kí páìpù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbà kọjá sì wà lábẹ́ ògiri tí búlọ́ọ̀kì máa bò. Odidi ọjọ́ mẹ́ta la fi lu kọnkéré náà. Orúkọ tí àwọn bíríkìlà sọ mí lọ́sẹ̀ yẹn, n ò ní kọ ọ́ síbí.

Wàyí o, kí ló dé tí ohun tí o fọwọ́ fà fi ń padà dàrú? Nínú Navisworks, tí o bá tẹ fáìlì kan nínú Selection Tree, tí o yan Units and Transform, tí o sì kọ nọ́ńbà sí i, inú NWF tìrẹ (fáìlì tí Navisworks fi ń rántí bí o ṣe to àwọn yòókù) nìkan ni ìfàsẹ́yìn náà, ìyẹn fífà tí o fà á, wà. Fáìlì ẹni páìpù ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Tó bá fi tuntun ránṣẹ́ pẹ̀lú orúkọ mìíràn, kò sí ìfàsẹ́yìn lórí tuntun náà. Èyí tó burú jù ni pé òun fúnra rẹ̀ lè gbọ́ pé ó ṣìṣe, kó tún un ṣe, kó fi orúkọ kan náà ránṣẹ́. Ìfàsẹ́yìn rẹ á tún fà á lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ ó wá máa bára yín jà, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yin méjèèjì ló tún un ṣe.

Ohun tí màá ṣe bí mo bá wà nípò rẹ rèé. Lọ́la òde yìí, pa gbogbo ìfàsẹ́yìn rẹ rẹ́, kí wọ́n padà sí òdo. Pe akítẹ́ẹ̀tì, ní kí ó so DWG awọnlẹ̀ mọ́ Revit rẹ̀ láti àárín sí àárín. Òun ni yóò gbé ilẹ̀ náà, tí yóò yí i títí yóò fi jókòó sábẹ́ ilé bó ṣe yẹ. Ilẹ̀ ló ń gbé o, kì í ṣe ilé. Tó bá ti jókòó dáadáa, kó lo Acquire Coordinates, àṣẹ tó ń gba nọ́ńbà ilẹ̀ náà wọ inú Revit. Látìgbà náà ni Revit rẹ̀ ti mọ ibi tí ilé wà láyé àti ibi tí àríwá wà, láìjẹ́ pé ògiri kan ṣí nípò. Ẹni páìpù á so módẹ́ẹ̀lì akítẹ́ẹ̀tì mọ́ tirẹ̀, yóò kọ́kọ́ rí i pé ó jókòó dáadáa lórí iṣẹ́ tirẹ̀, yóò wá gba nọ́ńbà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe lọ́wọ́ awọnlẹ̀. Ẹnu ẹnì kan ṣoṣo ni ìròyìn ti ń jáde. Ẹni òpó á fi nọ́ńbà kan náà sínú base point (ojú ìpìlẹ̀ ìwọ̀n) Tekla, pẹ̀lú ìwọ̀n ìyípadà àríwá, orí base point yẹn ni yóò sì gbé IFC rẹ̀, fáìlì tí ètò oríṣiríṣi lè kà, kà. Àwọn Revit méjèèjì á wá yan Shared nígbà tí wọ́n bá ń gbé NWC, fáìlì tí Navisworks ń kà, jáde. Tó bá wà lórí Project Internal, òfo ni gbogbo wàhálà yìí.

Kí o wá béèrè fún àgbélébùú rẹ. Yàtọ̀ sí awọnlẹ̀, ní kí oníkálukú gbé àpótí kan, mítà kan níbùú, lóròó àti lókè, sí ibi tí gíríìdì (ìlà ìtọ́sọ́nà ilé) A àti 1 ti pàdé, igun rẹ̀ ní ojú lẹ́fẹ́ẹ̀lì ±0.00. Àwọ̀ oníkálukú lọ́tọ̀. Bí àpótí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jókòó sínú ara wọn, jẹ́ kó wọlé. Bí èyíkéyìí bá yọrí síta, dá fáìlì náà padà. Má wo ìyókù.

Ohun kan kù tí n ò fẹ́ gbàgbé. Béèrè lọ́wọ́ awọnlẹ̀ bóyá Minna ló lò lóòótọ́, tàbí nọ́ńbà tí GPS fún un. WGS 84, ìpìlẹ̀ ìwọ̀n mìíràn tó wà fún gbogbo ayé, ni GPS ń sọ. Méjèèjì lè jẹ́ Zone 31, kí nọ́ńbà sì jọra, síbẹ̀ ìyàtọ̀ àárín wọn ju àádọ́rin mítà lọ. Ilé ìwòsàn yín lè bọ́ sí ilẹ̀ aládùúgbò.

*

Àǹtí mi, Manchester ni mo ti ń kọ̀wé. Ọ̀rọ̀ gíga ni tèmi. Nínú módẹ́ẹ̀lì wa, ojú dẹ́kìn ẹnjiníà fi 75 mìlímítà lọ sílẹ̀ ju ilẹ̀ akítẹ́ẹ̀tì lọ ní gbogbo àjà. Ti ẹni tó ń ṣe ẹ́ẹ̀sì (ẹ̀rọ amúlétutù) ní tirẹ̀ wà lókè pátápátá, bí ẹni pé ó fẹ́ fò. Ṣé kí n fa méjèèjì?

Ẹ má fa èyíkéyìí. 75 yẹn kì í ṣe àṣìṣe. Ẹnjiníà ń ya ibi tí kọnkéré parí sí, akítẹ́ẹ̀tì ń ya ibi tí ẹsẹ̀ èèyàn ń tẹ̀. Ẹ ka ohun tó wà láàárín: iyanrìn oní-sìmẹ́ǹtì 60, gúlúù 5, táìsì 10. Ó pé. Bí ẹ bá gbé dẹ́kìn yẹn sókè, kò ní síbi tí táìsì máa wà.

Ti ẹni ẹ́ẹ̀sì, ẹ wo nọ́ńbà ilẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ẹ ó rí ohun bíi 38.450. Gíga sí òkun ló ń kà, láti Newlyn ní Cornwall, níbi tí wọ́n ti wọn omi òkun láti 1915 sí 1921. Àwọn yòókù ní ilẹ̀ ilé wọn ni òdo. Ẹ jọ yan ọ̀kan, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, títí kan bóyá ẹ ń fi kún un ni tàbí ẹ ń yọ kúrò. Ní Laufenburg, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ afárá lórí odò Rhine láàárín Jámánì àti Switzerland, ní 2003, òkun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni orílẹ̀-èdè méjèèjì fi ń ka gíga. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 27 sẹ̀ǹtímítà. Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ mọ́ ọn. Àmọ́ wọ́n fi kún un níbi tó yẹ kí wọ́n yọ, ó wá di 54.

*

Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. DWG kan dé láti ọwọ́ oníná wa ní Ṣàgámù, ó tóbi ju gbogbo ẹ̀sítéètì lọ. Mi ò mọ ohun tó lò.

Wá ilẹ̀kùn kan nínú rẹ̀, kí o wọn ìbú rẹ̀. Ilẹ̀kùn yàrá lásán jẹ́ 900 mìlímítà. Bó bá ka 900 mítà, mìlímítà ni wọ́n fi yà á, Navisworks kà á sí mítà. Bó bá ka 2.95 mítà, ẹsẹ̀ bàtà ni oníná yín ń lò. Ìyẹn máa ń ṣẹlẹ̀ tí wọ́n bá gba àwòrán ẹ̀rọ láti Amẹ́ríkà. Tún ìwọ̀n ṣe ní File Readers, ní abala DWG. Bó o bá ṣí i padà tí kò yí, má bínú sí kọ̀ǹpútà: NWC àtijọ́, ẹ̀dà tí Navisworks ti fi pamọ́, ló ṣì ń kà. Lọ pa á rẹ́ nínú fódà, kí o tó tún ṣí i.