Ìbọn Ìṣeré Tó Ti Ojú Ọ̀run

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Níbi tí mo ti lọ gẹrun nítòsí Ọjà Ọba la ti ń sọ bí India àti Pakistan ṣe ti ojú ọ̀run mọ́ bàálù ara wọn lọ́dún 2025. Bàbá àgbà kan ní kì í ṣe àkọ́kọ́, pé àwọn ọmọ kan tó já bàálù gbà ló fà á nígbà kan. A fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣé òótọ́ ni? — Awakọ̀ kan, Àkúrẹ́.

ÌDÁHÙN: Ẹ lọ bẹ bàbá yẹn.

Ní ọjọ́ 30 oṣù kìíní, 1971, Hashim Qureshi àti Ashraf Qureshi, ọmọ Kashmir, ilẹ̀ tí India àti Pakistan ń jà sí, wọ bàálù India tó ń jẹ́ Ganga ní Srinagar. Jammu ló ń lọ. Wọ́n yọ ìbọn, wọ́n ní Lahore, ní Pakistan, ni kó forí lé. Ìbọn ìṣeré ni o! Igi ni wọ́n sì fi gbẹ́ bọ́ǹbù ọwọ́ wọn. Wọ́n ní kí India tú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ lẹ́wọ̀n, India kọ̀. Èrò sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀, wọ́n wá dáná sun bàálù. Lahore kọ́kọ́ yẹ́ wọn sí bí ọkọ ìyàwó. Nígbà tó yá, Pakistan ní amí India ni wọ́n, ó gbé wọn lọ sílé ẹjọ́.

India wá ní bàálù Pakistan kankan kò gbọdọ̀ fò lórí ilẹ̀ òun mọ́. Apá méjì sì ni Pakistan nígbà náà, ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn, ilẹ̀ India tó lé ní 1,600 kìlómítà ló wà láàárín wọn. Kí wọ́n dí ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Òǹdó mọ́ ọ, kí o máa gba Iléṣà, kí o gba Ifẹ̀, kí o tó dé Òǹdó: ìwọ awakọ̀ mọ iye epo tí ìyẹn máa jẹ. Bàálù wọn ń yí ìsàlẹ̀ India po, ó ń bà ní Sri Lanka. Ọ̀nà gbọọrọ yẹn náà ni wọ́n gbà kó sójà lọ nígbà tí ìlà oòrùn ní òun fẹ́ dá dúró.

Bàálù kọ́ ló dá ogun sílẹ̀ ṣá. Ìbò 1970 tí wọn kò gbé fún ẹni tó wọlé ni. (Àwa náà rí irú ẹ̀ ní June 12, àwọn ọmọ tiwa já bàálù gbà lọ sí Niamey nítorí rẹ̀ lọ́dún 1993.) Ọjọ́ 16 oṣù kejìlá, 1971 ni sójà Pakistan túúbá ní Dhaka, olú ìlú ìlà oòrùn yẹn, tó wá di Bangladesh.

Fọ́ọ̀mù tú ni mo wà. Asọ̀rọ̀mágbèsì bàbá mi la ti gbọ́. Nígbà tí a wọlé padà, olùkọ́ ní ká fi gègé pa East Pakistan rẹ́ nínú máàpù wa, ká kọ Bangladesh sí i. Ilẹ̀ yẹn kò gba orúkọ náà tán; "desh" tèmi bọ́ sínú òkun.