"Alágbàfọ̀ náà ti kó lọ tipẹ́": àyẹ̀wò ilẹ̀ àti àyẹ̀wò ilé kí ẹ tó ra ilé ìtajà

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Èmi àti àbúrò mi fẹ́ ra ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà nísàlẹ̀ àti ọ́fíìsì lókè. Ilé ọ̀hún ti lé ní ọdún 40. Báńkì tí yóò yá wa lówó ní dandan ni ká ṣe àyẹ̀wò méjì, ọ̀kan fún ilẹ̀ àti àyíká rẹ̀, ọ̀kan fún ilé fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń tà á ní ká má wulẹ̀ yọ ara wa lẹ́nu, ó fún wa ní ìwé àyẹ̀wò ilẹ̀ tí òun ṣe ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ṣé a lè lo ìyẹn? Àbí nǹkan kan náà ni àyẹ̀wò méjèèjì, tí wọ́n kàn fẹ́ fi gbowó lọ́wọ́ wa lẹ́ẹ̀mejì? Bí owó ò bá sì ká méjèèjì pọ̀, èwo ni ká kọ́kọ́ ṣe? Mo tiẹ̀ fẹ́ gbàgbé: wọ́n ní alágbàfọ̀ kan wà nínú ṣọ́ọ̀bù igun nígbà kan rí, àmọ́ ó ti kó lọ tipẹ́.

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ìnáwó o, màámi, Ọlọ́run á fi èrè sí i. Èyí tí ẹ ní ẹ fẹ́ gbàgbé yẹn ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, torí ó wúwo ju gbogbo ìyókù lọ.

Irú alágbàfọ̀ wo ni? Bó bá jẹ́ èyí tó ń fi omi àti ọṣẹ fọ̀, wàhálà rẹ̀ ò pọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ draikílínà, tó ń fọ kóòtù láìkàn án lómi, ó ṣeé ṣe dáadáa kó jẹ́ perchloroethylene ló ń lò, kẹ́míkà tí àwọn oníṣẹ́ náà ń pè ní perc. Lítà omi kan wọn kílò kan. Lítà perc kan lé ní kílò kan àtààbọ̀. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá dà sílẹ̀, ìsàlẹ̀ ló ń forí lé. Á gba ojú ibi tí kọnkéré ti sán, á gba inú yẹ̀pẹ̀, á bá omi abẹ́ ilẹ̀. Bẹntiróòlù tó bá débẹ̀ á léfòó lórí omi náà. Perc kì í léfòó, ó tún ń rì lọ ni, títí tí yóò fi bá amọ̀ tàbí àpáta tó dá a dúró. Á wá jókòó síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ sínú omi. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ á sì máa gòkè bọ̀, á gba abẹ́ ilẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù kejì, níbi tí ẹni tó ń ta bàtà ò ti mọ ohun tó ń fà símú.

Nítorí náà, "ó ti kó lọ tipẹ́" ò fi mí lọ́kàn balẹ̀ rárá. Láyé àtijọ́, ẹ̀rọ méjì lọ̀pọ̀ wọn ń lò, ọ̀kan fún fífọ̀, ọ̀kan fún gbígbẹ. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé aṣọ tó ṣì ń kán kẹ́míkà tótótó láti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì. Ẹ fojú inú wo ilẹ̀ tó wà láàárín ẹ̀rọ méjèèjì lẹ́yìn ogún ọdún. Ní tèmi o, alágbàfọ̀ àtijọ́ ló ń bà mí lẹ́rù ju ti òde òní lọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ìbéèrè yín. Àyẹ̀wò méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà, ẹni tó ń ṣe wọ́n kì í sì í sábà jẹ́ ẹnì kan náà. Ti ilẹ̀ ń béèrè bóyá májèlé wà níbẹ̀, àti ta ni yóò ru ẹrù rẹ̀. Ti ilé ń béèrè iye tí ilé náà yóò ṣì gbà lọ́wọ́ yín lẹ́yìn tí ẹ bá ti san owó rẹ̀ tán. Àbùkù ilé ṣeé fi dúnàá-dúrà, onítọ̀hún á dín owó, ẹ ó tún un ṣe. Àbùkù ilẹ̀ lè ju owó ilé fúnra rẹ̀ lọ. Òun ló lè mú kí ẹ ká àpò yín kí ẹ máa lọ, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe.

Àwọn àgbà ní àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ti ilẹ̀ tó ti bàjẹ́ kì í rí bẹ́ẹ̀, ẹlòmíì ló máa ń ru igbá. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ètò àyẹ̀wò yìí ti gbilẹ̀, ọ̀rọ̀ Love Canal ló ṣí ojú gbogbo ayé. Láti 1942 títí di nǹkan bí 1953, ilé iṣẹ́ kẹ́míkà kan da ìdọ̀tí oró sínú kòtò gbọọrọ kan nílùú Niagara Falls, wọ́n fi erùpẹ̀ bò ó, wọ́n sì ta ilẹ̀ náà fún ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìlú ní dọ́là kan péré ní 1953. Wọ́n kọ́ ilé ẹ̀kọ́ síbẹ̀, ilé gbígbé yí i ká. Nígbà tó di 1978, oró ti ń yọ jáde nínú àjà ilẹ̀ àwọn èèyàn, ààrẹ Jimmy Carter sì kéde pàjáwìrì. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1980, ni òfin tí wọ́n ń pè ní Superfund jáde. Lábẹ́ òfin yẹn, wọ́n lè ní kí ẹni tí ilẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí san owó ìpalẹ̀mọ́, bí kò tiẹ̀ da ẹ̀kán kan síbẹ̀ rí.

Àbùjá wà, wọ́n là á sínú òfin náà ní 2002: ẹni tó bá ṣe ìwádìí tó péye kó tó rà á, tó sì ń ṣe ohun tó tọ́ lórí ilẹ̀ náà lẹ́yìn tó rà á, lè bọ́. Ẹ ṣàkíyèsí "kó tó rà á". Ìwádìí tí ẹ bá ṣe lọ́jọ́ kejì tí ẹ fọwọ́ síwèé ò ní gbà yín lọ́wọ́ òfin yìí. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀, kí lọ́yà yín sọ ti ibi tí ilé yín wà fún yín. Àmọ́ ọ̀nà tí a ń gbà ṣe ìwádìí náà ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra.

Ìpele àkọ́kọ́, tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní Phase I, kì í gbẹ́ ilẹ̀ rárá. Ìtàn ilẹ̀ là ń wá. Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé ní Amẹ́ríkà, ASTM E1527-21, ní ká tọ ìtàn náà padà dé 1940, tàbí dé ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ lo ilẹ̀ náà fún nǹkan bí ìgbà yẹn bá ṣáájú 1940. À ń wo àwòrán tí wọ́n yà láti inú ọkọ̀ òfuurufú. À ń wo máàpù tí àwọn abánigbófò iná yà látijọ́, tó ń fi ibi tí táǹkì àti bọ́ílà wà hàn. À ń wo ìwé àdírẹ́sì tó ń sọ irú òwò tó wà ní ojúlé kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún. Àkọsílẹ̀ ìjọba náà ńkọ́? A ń yẹ̀ ẹ́ wò, ti ilé yín àti ti àwọn aládùúgbò, torí oró kì í mọ ààlà. Lẹ́yìn náà la ó wá lọ síbẹ̀, a ó rìn ín ká, a ó sì bi èèyàn léèrè ọ̀rọ̀.

Ìrìn yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yìí. Ilé ìkẹ́rùsí kan wà tí mo lọ wò, tí ìwé tí onílé fún mi mọ́ tónítóní. Lẹ́yìn ilé, mo rí páìpù irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó rọ̀ mọ́ ògiri, ó ga jù mí lọ, ẹnì kan ti so okùn ìsáṣọ mọ́ ọn. Onílé ní páìpù omi ni. Páìpù omi wo ló ń dá dúró tí á la ẹnu sójú ọ̀run? Mo fi ẹsẹ̀ tú ilẹ̀ ibẹ̀, mo ká rọ́bà àtijọ́ kan kúrò, ni mo bá rí ọmọrí irin róbótó tí wọ́n ti fi kọnkéré bo ìdajì rẹ̀. Táǹkì bẹntiróòlù ló wà nísàlẹ̀. Páìpù tí wọ́n ń sá aṣọ sí yẹn ni táǹkì náà fi ń mí. Bàbá tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ ti mọ̀ látijọ́. Ó ní kò sẹ́ni tó bi òun.

Ẹ wá mọ ohun tí kò sí nínú Phase I, bí ẹ ò bá dárúkọ rẹ̀ lọ́tọ̀: asbestos tó wà nínú àjà àti táìlì àtijọ́, tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ bí wọ́n bá fọ́ ọ, ọ̀dà tó ní òjé, èébu ara ògiri, gáàsì radon tó ń ti inú ilẹ̀ jáde. Ilé tó ti lé ní ọdún 40 ni tiyín, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ti asbestos kún un. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ wó ògiri kan láti sọ ṣọ́ọ̀bù méjì di ọ̀kan ni ẹ ó mọ ìdí.

Ìwé ọdún mẹ́ta sẹ́yìn tí wọ́n fún yín ńkọ́? Ẹ gbà á, ẹ dúpẹ́, ẹ kà á, ẹ má gbára lé e. Lábẹ́ ìlànà tí mo dárúkọ yẹn, àwọn apá tó ṣe kókó nínú rẹ̀, bí àbẹ̀wò, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àti àkọsílẹ̀ ìjọba, kò gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ 180 lọ ṣáájú ọjọ́ tí ẹ gba ilé. Yàtọ̀ sí ìyẹn, orúkọ yín ò sí nínú ìwé náà. Ẹni tó ní kí wọ́n ṣe é ló ni ín. Bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, ẹ ò lè mú ẹni tó kọ ọ́, àfi bó bá fún yín níwèé pé ẹ̀yin náà lè gbára lé e. Síbẹ̀, ìtàn tó wà nínú rẹ̀ ò gbó, á dín iṣẹ́ kù fún ẹni tí ẹ bá gbé e fún. Ohun kan tí èmi máa kọ́kọ́ wá nínú rẹ̀: ṣé wọ́n dárúkọ alágbàfọ̀ yẹn? Bí wọn ò bá dárúkọ rẹ̀, mo ti mọ irú ìwé tó jẹ́.

Bí Phase I bá fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé perc ni wọ́n lò níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí wọ́n bá ní ẹ ṣe ìpele kejì. Ìgbà yẹn ni wọ́n máa gbẹ́ ihò tóóró, tí wọ́n á bu yẹ̀pẹ̀ àti omi abẹ́ ilẹ̀, tí wọ́n á fa afẹ́fẹ́ abẹ́ kọnkéré lọ sí ilé àyẹ̀wò. Ẹ bá lọ́yà sọ̀rọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹ̀rọ débẹ̀ o. Onílé gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, àwọn ibì kan sì wà tó jẹ́ pé ohun tí ẹ bá rí, dandan ni kí wọ́n sọ fún ìjọba.

Ó kan ilé. Ìlànà tirẹ̀ ni ASTM E2018. Ẹnjinníà tàbí ayàwòrán ilé tó mọṣẹ́ á rìn ín láti orí òrùlé dé ibi ìgbọ́kọ̀sí. Kò ní fọ́ ògiri, kò ní tú páìpù. Ojú ló ń lò, àti ìbéèrè. Lẹ́yìn náà, á kọ ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ tún ṣe lójú ẹsẹ̀, á sì kọ iye tí ẹ ó máa tọ́jú pa mọ́ lọ́dọọdún fún èyí tó ń bọ̀.

Ẹ bá a lọ lọ́jọ́ yẹn, pàápàá sórí òrùlé. Bí òrùlé yín bá jẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ wo ilẹ̀ rẹ̀ bóyá ìdọ̀tí ti yà á ní òbìrìkítí bí ìsàlẹ̀ àwo tí omi gbẹ sí. Ibẹ̀ lomi ń dúró sí. Omi tó bá ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 48 tí òjò ti dá kì í ṣe omi lásán mọ́, ó ń jẹ òrùlé ni. Ẹ wá sọ̀ kalẹ̀ sí ọ́fíìsì tó wà lábẹ́ ibẹ̀ gan-an, kí ẹ gbójú sókè wo àjà. Páálí àjà tí omi ti mú pọ́n ń sọ òótọ́. Èyí tó funfun báláú láàárín àwọn tó ti pọ́n ló ń kọ mí lóminú, nítorí ẹnì kan ló mọ̀ọ́mọ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ wo ara ẹ̀rọ amúlétutù náà: ọdún tí wọ́n ṣe é sábà máa ń wà lára àwo irin kékeré tí wọ́n kàn mọ́ ọn, ó sì lè ta ko ohun tí onílé sọ fún yín. Lífítì, bó bá wà, ẹ gba ìwé ìtọ́jú rẹ̀. Wáyà iná àti ètò ìpaná, ẹ jẹ́ kí ẹnjinníà sọ tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àkókò ló kù. Phase I sábà máa ń gba bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, ìpele kejì á tún fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí i. Kí lọ́yà yín rí i pé ìwé àdéhùn fún yín láyè tó bẹ́ẹ̀, tí owó àsansílẹ̀ yín ṣì ṣeé gbà padà láàárín ìgbà náà. Ti ilé lè tẹ̀ lé ti ilẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì, kí ẹ má baà náwó lórí òrùlé ilé tí ẹ ò ní rà.

Ẹ pe onílé lọ́la. Ẹ bi í lórúkọ alágbàfọ̀ náà, ọdún tó wọlé àti ọdún tó kó jáde. Ẹ bi í níbi tí ẹ̀rọ rẹ̀ wà nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yìn tàbí iwájú. Ẹ béèrè bóyá ìwé kankan wà tó fi hàn pé ẹnì kan ń wá kó kẹ́míkà tó ti lò tán lọ, torí bí kò bá sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, ibì kan ló ń dà á sí. Ohunkóhun tó bá fèsì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tí yóò ṣe Phase I kó tó dé orí ilẹ̀ náà.