Èsì: Omi nínú epo Cessna 182, ọkọ̀ òfurufú kékeré

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní bí òjò bá ti rọ̀ mọ́jú, omi lẹ ń bá nínú epo, ẹ wá ń fura sí ẹni tó tà á. Ìdérí táǹkì orí apá ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ó tẹ́jú mọ́ apá. Bí rọ́bà abẹ́ rẹ̀ bá ti gbó, omi á wọlé. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà náà.

Tó bá jẹ́ Cessna 182 tí wọ́n ṣe ṣáájú 1979 lẹ ní, ọ̀rọ̀ ṣì kù. Àpò rọ́bà ni táǹkì tirẹ̀. Bí àpò náà bá wún jọ, omi á sá pamọ́ sínú rẹ̀. Ẹ lè fa epo díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ táǹkì sínú ife wò, kó mọ́ gaara, kí omi sì ṣì wà nínú àpò lókè. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn: ó ń tan ẹni tó fara balẹ̀ ṣiṣẹ́ jẹ.

1. Ẹ fa epo wò.
2. Ẹ tẹ ìrù ọkọ̀ náà wálẹ̀, ẹ mi apá méjèèjì dáadáa.
3. Ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tún fà á.

Bí òjò ṣe ń rọ̀ l'Abẹ́òkúta wa yìí, ẹ má gbé ọkọ̀ náà síta láìbo apá rẹ̀.