Kílíìpù pátákó kò gbọ́dọ̀ kan òjé

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Mo ra okùn ìwọ̀ olójé tó kún ríìlì kan bámúbámú, mo sì ra pátákó méjì, irú èyí tó máa ń gbé okùn kúrò lẹ́yìn ọkọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́. Mo fẹ́ máa fi wọ́n fa ìdẹ kiri nínú adágún tó jìn tó mítà 12. Mo fi kílíìpù pátákó mú okùn olójé náà bí mo ṣe máa ń mú okùn lásán, àmọ́ pátákó kì í jìnnà sí ọkọ̀, ẹ̀yìn ló ń fà sí, imú rẹ̀ á sì máa rì. Okùn ti já lẹ́ẹ̀mejì níbi tí kílíìpù ti dì í mú. Tí mo bá tún fẹ́ yí ọkọ̀ padà, ìdẹ apá kan á lọ há sí ìsàlẹ̀ omi. Ṣé okùn yìí kò bá pátákó ṣe ni, àbí èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n lò?

Ìdáhùn: Wọ́n bá ara wọn ṣe gan-an ni. Ibi tí ẹ fi kílíìpù mú ni gbogbo rẹ̀ ti bà jẹ́, àfi ti ọkọ̀ yíyí tí mo máa bọ̀ wá sórí rẹ̀.

Ẹ wo ohun tó wà nínú okùn yẹn. Òjé tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà láàárín, wọ́n wá hun ẹ̀wù bò ó. Ẹ̀wù yẹn ló ń gba agbára ẹja. Ìwúwo nìkan ni iṣẹ́ òjé, òjé sì rọ̀. Bí eyín kílíìpù bá ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, á ṣẹ́ sínú ẹ̀wù, ẹ ò sì ní rí nǹkan kan lóde. Ojú méjèèjì tó ṣẹ́ á wá máa rin ẹ̀wù náà látinú títí á fi já. Ẹ fa okùn yẹn gba àárín àtàǹpàkò àti ìka kejì yín díẹ̀díẹ̀. Ibi tó bá ta gan-gan bíi wáyà, òjé ibẹ̀ pé. Ibi tó bá ṣàdédé rọ̀ bíi okùn bàtà, ó ti ṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ gé ibẹ̀ dànù.

Pátákó tó ń fà sẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Omi tó ń ti iwájú pátákó tí wọ́n gé ní ìdagẹ̀rẹ̀ ló ń gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́. Bí kílíìpù bá wà lórí òjé, a jẹ́ pé òjé ló wà láàárín ọ̀pá yín àti pátákó. Òjé yẹn á rọ̀ wọ inú omi, á sì máa fa pátákó padà sọ́dọ̀ ọkọ̀. Ẹ̀yìn pátákó ni òjé gbọ́dọ̀ wà pátá.

Torí náà, ẹ tú okùn tó kún ríìlì yẹn, ẹ gé ìwọ̀nba tí ẹ nílò. Àwọ̀ rẹ̀ máa ń yí padà ní mítà 9-9, àwọ̀ mẹ́wàá sì ni odindi rẹ̀ sábà máa ń jẹ́. Bí ọkọ̀ bá ń rin kìlómítà 3.2 ní wákàtí kan, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan máa ń rì tó nǹkan bíi mítà kan ààbọ̀. Nínú omi oní mítà 12, àwọ̀ márùn-ún máa gbé ìdẹ yín dé mítà 7 sí 8. Ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Bí ìdẹ yín bá jẹ́ èyí tó lẹ́nu tó sì máa ń rì fúnra rẹ̀, ẹ fi ìyẹn kún un. Èyí tó dà bí ṣíbí irin kì í fi bẹ́ẹ̀ fi nǹkan kún un.

Okùn lásán, oní fọ́nrán kan, ni kẹ́ ẹ wá fi kún ríìlì, kó lágbára tó pọ́ùn 20 sí 30. Ẹ so àwọ̀ márùn-ún yẹn mọ́ ọn, kẹ́ ẹ wá so okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹja kò lè tètè rí, nǹkan bíi mítà 8, sáàárín òjé àti ìdẹ. Orí okùn fọ́nrán kan yẹn ni kílíìpù máa wà. Àwọn kan máa ń fi okùn híhun tẹ́ẹ́rẹ́ kún ríìlì torí pé kì í gba àyè, àmọ́ ó máa ń yọ̀ nínú kílíìpù. Ní tèmi, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò nílò irú wàhálà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ló ń bẹ̀rù síso okùn olójé mọ́ okùn mìíràn, bẹ́ẹ̀ kò le. Ẹ ti ẹ̀wù rẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni ń ká ọwọ́ aṣọ sókè, títí òjé tó tó gígùn ọwọ́ yín kan á fi yọ síta. Ẹ tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn, á ṣẹ́. Ẹ fa ẹ̀wù padà, ihò á ṣófo nínú rẹ̀. Ẹ wá ti orí okùn lásán bọ inú ihò yẹn díẹ̀díẹ̀ títí á fi kan òjé. Ẹ ta kókó kan lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti pàdé, kí kókó náà mú ẹ̀wù àti okùn inú rẹ̀ pọ̀, kẹ́ ẹ tún ta òmíràn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ fi itọ́ tutù ú kẹ́ ẹ tó fà á le. Bí ẹ ò bá fi itọ́ sí i, ooru ìfàle yẹn lè ba okùn jẹ́. Kókó yìí kéré débi pé ó máa ń gba ojú òrùka ọ̀pá kọjá wọ́ọ́rọ́.

Lórí omi, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ máa lọ tààrà. Ẹ tú ìdẹ sílẹ̀, ẹ tú òjé tán pátá, ẹ fi mítà bíi mẹ́ta okùn lásán kún un, kẹ́ ẹ tó mú kílíìpù. Ẹ má ṣe ju pátákó sílẹ̀ lójijì, torí á rì. Ẹ rọra máa tú okùn fún un, á fúnra rẹ̀ wá ọ̀nà lọ. Ẹ tún wo bó ṣe tóbi tó: pátákó kékeré lè gbé àwọ̀ mẹ́ta, àmọ́ àwọ̀ mẹ́wàá máa ń fà á rì.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yíyí. Òjé kì í dúró sójú kan bí ọkọ̀ bá yí eré padà. Bí ẹ bá yà sọ́tùn-ún, pátákó ọ̀tún kò ní rìn tó bó ṣe ń rìn tẹ́lẹ̀, òjé rẹ̀ á rì, ìdẹ á há. Pátákó òsì á sáré, ìdẹ rẹ̀ á gòkè. Ẹ yà lọ́nà gbọọrọ, kẹ́ ẹ sì fi díẹ̀ kún iná ẹ́ńjìnnì nígbà tí ẹ bá ń yà. Èmi fẹ́ràn yíyà yẹn gan-an, torí ó máa ń sọ nǹkan fún mi. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ inú, ìyẹn ibi tí mo yà sí, ni ẹja ń gbé ìdẹ ní gbogbo ìgbà tí mo bá yà, mo mọ̀ pé eré mi ti pọ̀ jù tàbí ìdẹ mi kò jìn tó. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ òde, mo ní láti fi eré kún un.

Mítà kan ààbọ̀ tí mo sọ yẹn, ìdíwọ̀n lásán ni. Bí okùn bá nípọn sí i, tàbí bí ìgbì bá wà, ó máa yí padà. Ẹ wá ibi tí ilẹ̀ adágún ti ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ẹ fi ìdẹ tí kò wọ́n yín lọ́kàn fà á síbẹ̀ ní eré kan ṣoṣo. Ibi tí ọ̀pá bá ti ń mì gbọ̀n-gbọ̀n nítorí ilẹ̀, ẹ ka bó ṣe jìn tó lórí ẹ̀rọ tí ń wo ìsàlẹ̀ omi, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Odindi àárọ̀ kan lè bá a lọ, àmọ́ ìwé yẹn wúlò ju ìdíwọ̀n mi lọ.

Bí ẹ bá ń lo pátákó méjì ní ẹ̀gbẹ́ kan, bí àwọn tó ń pa ẹja walleye ní Lake Erie, adágún ńlá kan ní Àríwá Amẹ́ríkà, ṣe ń ṣe, èyí tí òjé rẹ̀ kúrú ni kó jìnnà sí ọkọ̀ jù. Bí ẹja bá gbé e, á lè gba orí okùn tó jìn kọjá láìlọ́ mọ́ ọn. Ẹ kọ́kọ́ béèrè iye okùn tí òfin ibẹ̀ gbà fún ẹnì kan.

Bí ẹja bá gbé ìdẹ, pátákó á ṣubú sẹ́yìn àwọn yòókù. Ẹ má pa ẹ́ńjìnnì, ẹ kàn dín eré kù, kẹ́ ẹ máa ká okùn láìdúró títí pátákó á fi dé ọwọ́ ẹni tó máa yọ ọ́. Bí okùn bá dẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn péré, ẹja á já.

Àjákù òjé tí ẹ bá ṣẹ́ nígbà tí ẹ ń so okùn, ẹ kó o sínú ike kan. Ẹyẹ omi máa ń gbé òjé mì, ó sì máa ń pa wọ́n. Ẹ fọ ọwọ́ yín kẹ́ ẹ tó jẹun.

Bí pátákó kan bá ṣì ń rì lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ yẹ ara rẹ̀ wò bóyá ti ọ̀tún ni ẹ gbé sí òsì.