Ẹ́ńjìnnì Coyote 5.0 ti Ford Mustang GT àti ẹ́ńjìnnì LS3 ti Chevrolet Camaro SS: èwo ló rọrùn jù láti fi kún agbára rẹ̀?

Tí ẹ kò bá fẹ́ lo turbo tàbí supercharger (ẹ̀rọ tó ń fipá ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i wọ inú ẹ́ńjìnnì), tówó yín ò sì pọ̀, LS3 ni kí ẹ mú. Lítà 6.2 ni. Kámú (irin tó ń yí láti ṣí fáàfù, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé tó sì ń gbà jáde) kan ṣoṣo ló ní, inú blọ́ọ̀kù ló wà, ọ̀pá ló sì fi ń ti fáàfù 16 tó wà lókè. Nítorí náà, kámú kan péré lẹ máa rà, ẹ ó wá tún kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì náà tò, agbára á sì gbéra dáadáa. Ẹ́ńjìnnì náà ò fẹ̀ lókè, èyí ló jẹ́ kí wọ́n máa kì í bọ inú oríṣiríṣi ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà.

Coyote kéré sí i, lítà 5.0, ṣùgbọ́n kámú 4 àti fáàfù 32 ló ní, ó sì ń mí dáadáa tó bá ń sáré. Ìdí nìyẹn tí Mustang GT 2011 fi ní agbára ẹṣin (hp) 412, tí LS3 tó tóbi jù ú lọ jẹ́ 426. Kámú mẹ́rin ọ̀hún ló ń gbówó lórí tẹ́ ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ wọn. Àmọ́ tó bá jẹ́ supercharger lẹ fẹ́ dè mọ́ ọn, Coyote lèmi máa mú láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ ṣọ́ra o: Camaro SS 2010 sí 2015 tó ń yí jíà fúnra rẹ̀ kì í ṣe LS3, ẹ́ńjìnnì mìíràn tó ń jẹ́ L99 ló ní. Ó máa ń pa sílíńdà mẹ́rin láti dín epo kù, ẹ sì gbọ́dọ̀ yọ ètò yẹn kúrò kẹ́ ẹ tó fi kámú ńlá sí i.