Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn omi ná

Ẹni tó béèrè pé kí ló dé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun fi ń gba máàkì nínú ìdánwò kẹ́mísírì àyíká, síbẹ̀ tí wọn kì í lè ṣàlàyé ohunkóhun tí ìdánwò bá ti kọjá, ọ̀rọ̀ yín yé mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní iṣẹ́ yìí. Bí ìwé ṣe ń tò ó ló ń bà á jẹ́: orúkọ èròjà, ibi tó ti ń wá, aburú rẹ̀, ọ̀nà àbáyọ. Ọmọ á há a sórí, á sì gbà pé èròjà kan wà tó burú, òmíràn wà tó dára. Ìbéèrè méjì ni mo fi ń kọ́ gbogbo rẹ̀: ibo ló wà, báwo ló sì ṣe pọ̀ tó níbẹ̀?

Òjò ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó wọn nǹkan kan, oníkálukú á kọ́kọ́ kọ pH (òṣùwọ̀n ásíìdì: 7 ni àárín, bó bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni ásíìdì ń pọ̀ sí i) tó rò pé omi òjò tó mọ́ máa ní sílẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn á kọ 7. Tí bébà pH bá wá sún mọ́ 5.6, ariwo á ta pé omi ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́ o. Carbon dioxide inú afẹ́fẹ́ ló yọ́ sínú rẹ̀ tó di ásíìdì tí kò le, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe rí kí ilé iṣẹ́ kankan tó dáyé. Ẹ má sáré kọjá ibẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé, tí òjò lásán bá wà ní 5.6, èwo la ó wá pè ní òjò ásíìdì? Àwọn fúnra wọn ni yóò sọ pé nǹkan mìíràn ti ní láti wọ inú rẹ̀, ìgbà yẹn ni sulphur dioxide àti àwọn nitrogen oxide tó ń jáde látinú epo àti èédú tí a ń sun máa tó ní ìtumọ̀. Láti 5.6 sí 4.6, ìlọ́po mẹ́wàá ni hydrogen ion, ohun tó ń sọ omi di ásíìdì, fi pọ̀ sí i. Mo ti rí ọmọ tó ń sá fún log nínú ìṣirò tó jẹ́ pé ibí ló ti yé e.

Ọ́síjìn inú omi ni mo fẹ́ràn jù. Ní 20°C, omi odò lè gba nǹkan bíi mílígíráàmù 9 ọ́síjìn nínú lítà kan. Tó bá gbóná dé 30°C, kò ju bíi 7.5 lọ. Mo máa ń sọ fún wọn pé ilé iṣẹ́ kan tú omi gbígbóná sódò, omi náà mọ́, kò sí májèlé kankan nínú rẹ̀, ẹja sì kú. Kí ló pa á? Kíláàsì á dákẹ́, nítorí kò sí lára ohun tí wọ́n há sórí.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá methylene blue, aró búlúù kan tí àwọ̀ rẹ̀ máa ń pòórá níbi tí kò bá ti sí ọ́síjìn. Ẹ bu omi adágún kún ìgò dé ẹnu, ẹ kán oògùn yìí díẹ̀ sí i, ẹ dé e pa, ẹ gbé e sínú òkùnkùn kí ewédò inú rẹ̀ má baà máa ṣe ọ́síjìn. Bí àwọn kòkòrò àìfojúrí bá ṣe ń lo ọ́síjìn tán ni àwọ̀ búlúù náà á máa pòórá. Ẹ fi ṣúgà díẹ̀ sínú ìgò kejì, tiẹ̀ á yá ju ti àkọ́kọ́ lọ. Tí ẹ bá ṣí i tí ẹ jọ̀ ọ́ dáadáa, afẹ́fẹ́ á wọlé, búlúù á padà! Ó lè gba ọjọ́ mélòó kan, nítorí náà ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ ṣe é. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má bu omi ìdọ̀tí ilé ìgbẹ́, oògùn yẹn kì í sì í fọ̀ kúrò lára aṣọ.

Ti ozone, gáàsì tó jẹ́ irú ọ́síjìn kan, le díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ, àti tíṣà pẹ̀lú ká má parọ́, gbà pé ihò ozone ló ń jẹ́ kí ayé máa gbóná. Ẹ ya àwòrán sójú pátákó. Lókè lọ́hùn-ún, ní bíi kìlómítà 15 sí 35, ozone ń dí ìtànṣán ultraviolet tó ń wá láti ara oòrùn lọ́wọ́. Nílẹ̀ níbí, níbi tí oòrùn ti ń pa èéfín ọkọ̀, ozone kan náà ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ooru tí carbon dioxide ń há mọ́lẹ̀, infrared (ìtànṣán ooru) ni, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ ni. Ẹ sọ fún wọn pẹ̀lú pé CFC, gáàsì tí wọ́n máa ń lò nínú fíríìjì tẹ́lẹ̀, ń ṣe méjèèjì, ó ń ba ozone òkè jẹ́, ó sì ń há ooru mọ́lẹ̀, ìyẹn ló ń da ọ̀rọ̀ náà rú. Molina àti Rowland, onímọ̀ kẹ́mísírì méjì, kìlọ̀ nípa rẹ̀ ní 1974, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mìíràn rí ihò náà lókè Antarctica ní 1985, àdéhùn Montreal tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe láti dín CFC kù sì wáyé ní 1987. Mo máa ń gbé ìtàn yìí sẹ́yìn pátápátá, torí ọmọ tó ti gbọ́ ìbàjẹ́ fún odindi táàmù nílò èyí tí àwọn èèyàn ti wá nǹkan ṣe sí.

Ti Minamata ní Japan, ẹnu ni kí ẹ fi sọ ọ́: mercury (irin olómi tó ní májèlé) kékeré nínú omi tó di púpọ̀ nínú ẹja tí àwọn èèyàn ń jẹ. Ẹ má gbé mercury wọ kíláàsì. Ẹ má sì sun sulphur níbi tí kò ti sí àpótí tó ń fa èéfín jáde, pàápàá tí ọmọ kan bá ní asthma.

Ìdánwò ṣì máa béèrè orúkọ àti aburú o. Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ni mo máa ń pín ìwé tí àyè rẹ̀ ṣófo fún ìyẹn fún wọn, wọ́n sì máa ń kún un fúnra wọn.